Aṣọ́gbó Tó Lọ Tọrọ Àṣẹ Igbó ní Lọ́ńdọ̀nù

Ẹ̀yin ará Ìdànrè, láti ọjọ́ tí mo ti dé lẹ ti ń bi mí pé báwo ni Lọ́ńdọ̀nù ṣe rí. Bí mo bá ní ó dára, ẹ ó ní kí n sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí mo bá ní òtútù pọ̀ níbẹ̀, ẹ ó ní ẹ ti mọ ìyẹn tẹ́lẹ̀. Ó dáa, ẹ fìdí balẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń retí ìròyìn ààfin ọba àti aago ńlá, kó yáa máa lọ sílé rẹ̀, nítorí n ò débẹ̀. Igbó ni mo lọ.

Gbogbo yín lẹ mọ iṣẹ́ mi. Igbó ọba ni mo ṣọ́ títí mo fi fẹ̀yìn tì. Ẹni tó bá fẹ́ gé igi níbẹ̀, ọ̀dọ̀ mi ló ń gbà kọjá. Bí kò bá ní pámíìtì lọ́wọ́, ó di kó gbé ayùn rẹ̀ padà sílé. Mo ti dá àwọn kan nínú yín padà rí, ẹ má wojú mi bẹ́ẹ̀. Ta ló mọ̀ pé ọjọ́ kan ń bọ̀ tí èmi náà yóò ṣí fìlà níwájú aṣọ́gbó òyìnbó, tí n ó máa bẹ̀ ẹ́ pé kó jọ̀ọ́, kó jẹ́ kí n wọ igbó rẹ̀? Ayé ń yí lóòótọ́.

Ilé ọmọ mi

Thamesmead lọmọ mi ń gbé. Fúnmiláyọ̀ ni, àbígbẹ̀yìn mi, èyí tó máa ń gun igi àgbálùmọ̀ ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì tí ẹ máa ń wá fẹjọ́ rẹ̀ sùn. Ìlú omi ni Thamesmead. Odò ńlá wà lápá kan, adágún wà láàárín ilé, ẹyẹ funfun ọlọ́rùn gígùn kan sì ń gba ojú omi kọjá bíi pé òun ló ni ilé tí gbogbo èèyàn ń gbé. Kò sí tíréènì níbẹ̀, bọ́ọ̀sì ni wọ́n ń wọ̀. Mo ti múra àtimáa jẹ búrẹ́dì títí n ó fi padà. Àṣé mò ń tan ara mi ni. Ọjọ́ kejì tí mo dé, ọmọ mi gbé iyán síwájú mi pẹ̀lú ẹ̀fọ́ àti pọ̀nmọ́, mo sì bi í pé ṣé ó dá a lójú pé bàálù yẹn gbé mi kúrò ní Nàìjíríà.

Ìkíni wọn ló kọ́kọ́ yọ mí lẹ́nu. Gbogbo ẹni tí mo bá pàdé ni mò ń kí, bí wọ́n ṣe tọ́ mi. Àwọn kan ń wò mí bíi pé mo fẹ́ tọrọ owó. Bàbá òyìnbó kan wà tó máa ń mú ajá rẹ̀ rìn létí adágún, kò dá mi lóhùn títí di ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ kí ajá. Láti ọjọ́ náà, a di ọ̀rẹ́. Bí n ò bá jáde, á bi Fúnmiláyọ̀ pé bàbá rẹ̀ dà. Ẹni tó bá fẹ́ bá òyìnbó ṣọ̀rẹ́, kó ti ọ̀dọ̀ ajá wọlé.

Iṣẹ́ kíà lọmọ mi ń ṣe. Ó ń lọ láti ilé dé ilé, ó ń wẹ àwọn arúgbó, ó ń fún wọn lóúnjẹ àti oògùn. Nígbà tí ìyá rẹ̀ kú, ìwé ìgbélùú rẹ̀ wà lọ́wọ́ ìjọba, wọ́n ṣì ń yẹ̀ ẹ́ wò. Bó bá jáde nílùú, kò ní lè wọlé mọ́. Inú fóònù ló ti wo bí a ṣe gbé ìyá rẹ̀ lọ sí ibojì. Ẹ̀yin tí ẹ wà níbẹ̀ ẹ ó rántí pé nẹ́tíwọ̀kì já kí a tó da iyẹ̀pẹ̀. Kò rí òpin rẹ̀.

Mo dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, mo sì rí i pé ọmọ yìí kò tíì sunkún. Bí mo bá dárúkọ ìyá rẹ̀, á ní, “Dádì, ṣé kí n se tea fún yín?” Oorun kì í kùn ún. Irun iwájú orí rẹ̀ ń já. Iṣẹ́ ló ń ṣe tọ̀sán-tòru bíi pé nǹkan ń lé e bọ̀ lẹ́yìn. Ẹ̀rù bà mí. Ẹni tó ń sunkún, èèyàn lè sọ fún un pé ó tó. Ẹni tí kò sunkún rárá, kí lèèyàn fẹ́ sọ fún un?

Ní ọjọ́ kan nínú bọ́ọ̀sì, ó dédé sọ̀rọ̀, kò wojú mi.

“Dádì, nígbà tí ẹ pè mí lọ́jọ́ yẹn, mo wà nílé Mama òyìnbó kan ní Shooters Hill, mò ń fọ plate. Window kitchen ẹ̀ kọjú sí igbó kékeré kan tí wọ́n fi wáyà ká. Igbó yẹn ni mò ń wò nígbà tí ẹ sọ ọ́. Ó ń ṣe mí bíi pé tí mo bá lè sáré wọnú ẹ̀, máa lè pariwo. But wọ́n ti gate ẹ̀ pa. So mo kàn fọ plate yẹn tán.”

Mo bi í pé ṣé ó ṣì fẹ́ wọ ibẹ̀.

“Ẹ má worry, Dádì. They won't allow us.”

Mo ti sọ gbólóhùn yẹn fún àwọn ẹlòmíràn rí lẹ́nu iṣẹ́, pé a ò ní gbà fún yín. Kò dùn mí rí bó ṣe dùn mí nínú bọ́ọ̀sì yẹn. Mo sọ ọ́ lọ́kàn mi pé n ò ní padà sílé láìjẹ́ pé ọmọ yìí wọ igbó náà.

Abẹ́ odò

Ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ kan wà tó yí gbogbo Lọ́ńdọ̀nù po. Woolwich ló ti bẹ̀rẹ̀, Woolwich náà ló parí sí. Ìjọ Aládùúrà tí ọmọ mi ń lọ máa ń rìn ín nígbà tí oòrùn bá yọ dáadáa, Sátidé kan dé Sátidé kejì, wọn á sì máa gbàdúrà fún àdúgbò tí wọ́n bá kọjá. Auntie Bọ́lá ni aṣáájú wọn. Obìnrin tó ti dàgbà ni, ó ń tún ọ́fíìsì ṣe ní ìdájí, kì í kánjú, síbẹ̀ kò sẹ́ni tó lè rìn tayọ rẹ̀. Nígbà tí mo gbọ́ pé ọ̀nà náà ń gba Shooters Hill kọjá kó tó parí, mo lọ bá a, mo ro ọ̀rọ̀ ọmọ mi fún un.

“Ẹ má ṣe ìyọnu, Dádì,” ó ní. “Tí a bá débẹ̀, a máa yà. But a máa gba permit o.”

Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú mi. Kò mọ ẹni tó ń bá sọ̀rọ̀ pámíìtì.

Bí mo ṣe di arìnrìn-àjò lọ́jọ́ ogbó nìyẹn. Ọjọ́ àkọ́kọ́, abẹ́ odò ni wọ́n mú mi gbà. Ẹ gbọ́ mi dáadáa, mi ò sọ pé orí afárá. Àwọn òyìnbó gbẹ́ ihò sábẹ́ odò ní Woolwich, wọ́n fi táìlì funfun tí wọ́n fi ń ṣe ilé ìwẹ̀ tẹ́ ara rẹ̀, èèyàn ń fi ẹsẹ̀ rìn nínú rẹ̀, ọkọ̀ ojú omi sì ń kọjá lókè orí rẹ̀. Mo di ọwọ́ Fúnmiláyọ̀ mú. Ó ní, “Dádì, ẹ̀rù ń bà yín?” Mo ní rárá, òun ni mò ń dì mú kó má baà ṣubú. Nígbà tí a dé àárín, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kọrin, ohùn wọn gba gbogbo ihò náà, ọkàn mi sì fúyẹ́. Ọkùnrin kan tó ń fi kẹ̀kẹ́ bọ̀ rí aṣọ funfun wa, ó bi wá pé ṣé ẹgbẹ́ tó ń jà káráátè ni wá. Auntie Bọ́lá ní bẹ́ẹ̀ ni, èṣù là ń bá jà.

N ò ní rò gbogbo ọ̀nà náà fún yín. A gba etí odò, a gba itẹ́ òkú, a gba ẹ̀yìnkùlé àwọn tó lówó. Ọmọbìnrin kan wà láàárín wa, Tèmi, tí wọ́n bí sí Lọ́ńdọ̀nù. Ó sún mọ́ mi, ó ní, “Grandpa, ṣé o ti tired?” Ọmọ tó kéré tó ọmọ-ọmọ mi ń pè mí ní “o”. Mo fẹ́ bínú, mo wò ó, ó ti yọ omi tirẹ̀ jáde fún mi, ó sì gba àpò èjìká mi gbé. Mo gba omi náà, mo mu ún.

Ojú lọ̀rọ̀ wà

Fúnmiláyọ̀ ti kọ̀wé sí àwọn tó ń bójú tó igbó náà pé òun fẹ́ wọlé wá ṣọ̀fọ̀ ìyá òun. Èsì tí wọ́n fún un ni pé kò gbọdọ̀ da eérú òkú sílẹ̀ níbẹ̀. Ó kà á fún wa lẹ́yìn ìsìn, gbogbo wa la ẹnu sílẹ̀.

“Eérú kẹ̀?” Auntie Bọ́lá ní. “Ta ló sun ìyá ẹ̀?”

Ó jọ pé ohun tí àwọn òyìnbó kan máa ń ṣe nìyẹn, wọ́n á sun òkú, wọ́n á wá ibi tó dára, wọ́n á da eérú rẹ̀ síbẹ̀. Oníkálukú ló mọ bó ṣe ń sin èèyàn rẹ̀. Ṣùgbọ́n Auntie Bọ́lá ní ìwé ò lè ṣe iṣẹ́ yìí, ojú lọ̀rọ̀ wà, kí a lọ rí aṣọ́gbó náà. A kì í sì í fi ọwọ́ òfo lọ tọrọ nǹkan, ó bá se mọ́ín-mọ́ín sínú kúlà kan.

Obìnrin ni aṣọ́gbó náà, Jánẹ́ẹ̀tì lorúkọ rẹ̀, orí rẹ̀ ti ń funfun. Bàtà rẹ̀ ni mo kọ́kọ́ wò. Ẹrẹ̀ ti gbẹ mọ́ ọn dé ọrùn ẹsẹ̀. Mo mọ̀ pé ọ̀gá ni. Auntie Bọ́lá gbé kúlà fún un, ó fà sẹ́yìn, ó ní òun kò gbọdọ̀ gba nǹkan lọ́wọ́ ẹni tó ń tọrọ àṣẹ. Ojú ti Auntie Bọ́lá, ṣùgbọ́n inú èmi dùn. Mo mọ bí ẹran ìgbẹ́ tí wọ́n bá fi ta aṣọ́gbó lọ́rẹ ṣe máa ń ba àṣẹ jẹ́. Mo sọ iṣẹ́ tí mo ṣe fún un, ojú rẹ̀ sì tàn. Ó bi mí irú igi tó wà nínú igbó wa, a bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀, ó ku díẹ̀ kí a gbàgbé ohun tí a bá wá.

Ó wá bi wá pé kí gan-an la fẹ́ ṣe nínú igbó òun.

“A fẹ́ wá sunkún ni,” mo ní.

Ó ní kò sí òfin tó lòdì sí ẹkún. Ó ní èèyàn mélòó ni wá.

Auntie Bọ́lá wò mí, èmi náà wò ó. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé a kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ. Ẹni tó ń ka èèyàn bí ẹni ka ewúrẹ́, kí ló fẹ́ fi iye wọn ṣe? Auntie Bọ́lá fi ọwọ́ ṣe báyìí, ó ní, “Ah, we are not many. Ìwọ̀nba ni wá.” Mo túmọ̀ ìyókù fún un pé ìwọ̀nba ni wá. Jánẹ́ẹ̀tì kọ ọ́ sílẹ̀ pé èèyàn díẹ̀, ó mú ọjọ́ fún wa, inú wa dùn, a lọ sílé. Kò sẹ́ni tó rò ó lẹ́ẹ̀mejì nínú wa.

Òkè

Ẹ jẹ́ kí n fi òkè wọn ṣẹ̀fẹ̀ díẹ̀. Wọ́n ti ń sọ fún mi láti ìbẹ̀rẹ̀ pé kí n tọ́jú orúnkún mi de òkè Shooters Hill. Mo dé ibẹ̀, mò ń rìn, mò ń retí òkè, wọ́n ní a ti dé orí rẹ̀. Èmi ọmọ Ìdànrè. Mo sọ fún Fúnmiláyọ̀ pé bí wọ́n bá gbé èyí wá sílé, ewúrẹ́ wa á máa sùn lórí rẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà kò pẹ́ lẹ́nu rẹ̀. A ti ń sún mọ́ igbó náà.

Ìrọ̀lẹ́ ò tíì lẹ́, oòrùn wà lójú ọ̀run. Jánẹ́ẹ̀tì dúró lẹ́nu géètì pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́. Bó ṣe rí wa, ó kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín músẹ́. Lẹ́yìn náà ó rí àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn wa, àti àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn àwọn yẹn. Gbogbo ìjọ ló wá. Àwọn tí kò bá wa rìn rárá ti wọ bọ́ọ̀sì láti Thamesmead àti láti Woolwich Dockyard, gbogbo wọn wọ sùtánà funfun, wọ́n ti bọ́ bàtà sọ́wọ́.

“Ẹ sọ fún mi pé ẹ ò pọ̀,” Jánẹ́ẹ̀tì ní.

“A ò pọ̀,” Auntie Bọ́lá ní. “Àwọn kan ò lè wá nítorí iṣẹ́.”

Obìnrin náà kò pariwo. Ó ṣàlàyé pé ilẹ̀ ni àwọn ẹyẹ kan ń yé ẹyin sí nínú igbó yẹn, pé òdòdó tó wà níbẹ̀ pẹ́ kó tó hù, bí ẹsẹ̀ bá tẹ̀ ẹ́, ó di ọdún púpọ̀ kó tó padà. Òun kò lè jẹ́ kí gbogbo wa wọlé. Ó ní kí a mú èèyàn díẹ̀ bí a ṣe sọ ọ́. Auntie Bọ́lá ní a kì í fi ọlọ́fọ̀ sílẹ̀ lóun nìkan, ta ni kí òun ní kó padà sílé? Ọ̀rọ̀ ń lọ, ọ̀rọ̀ ń bọ̀, àwọn kan ti ń kùn lẹ́yìn.

“Ó ti tó,” Fúnmiláyọ̀ ní. Ohùn rẹ̀ gbẹ. “Ẹ má jà nítorí mi. Mo ti sọ pé they won't allow us. Ẹ jẹ́ ká máa lọ.”

Ó yí padà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í wọ bàtà rẹ̀. Mo mọ̀ pé bó bá lọ lọ́jọ́ náà, kò ní padà síbẹ̀ mọ́, ohun tó wà nínú rẹ̀ á sì wà níbẹ̀ títí.

Mo lọ bá Jánẹ́ẹ̀tì. Mo ní òtítọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀, pé bó bá jẹ́ èmi ni, n bá ti lé wa lọ tipẹ́. Mo ní kó jọ̀ọ́, kó mú èmi nìkan wọlé kí n fi ojú mi rí ohun tí ilẹ̀ náà lè gbà. Ó wò mí, ó ṣí géètì. Ọ̀nà tóóró kan ló wà níbẹ̀, kò gba ẹni méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Ó já sí adágún kékeré kan lábẹ́ igi, igi ńlá kan sì ti wó sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tipẹ́, èèpo rẹ̀ ti bó. Ó tutù níbẹ̀, ó dákẹ́. Mo bi í pé èèyàn mélòó ni ibẹ̀ lè gbà.

Ó ronú sí i. “Ẹni tó bá ríbi jókòó lórí igi yìí,” ó ní. “Ẹni tí kò bá ríbi jókòó, kó dúró síta.”

Mo fẹ́ràn obìnrin yẹn láti ìṣẹ́jú náà. Kò sẹ́ni tó máa ka ẹnikẹ́ni.

Ẹ̀yìn wáyà

Mo jáde, mo sọ fún wọn bó ṣe rí. Auntie Bọ́lá wo àwọn èèyàn rẹ̀ láti apá kan dé apá kejì.

“Ó dáa,” ó ní. “Ẹni tí kò lè lọ sílé sin òkú ẹ̀ nìkan ni kó bọ́ síwájú.”

Mo rò pé Fúnmiláyọ̀ nìkan ni yóò jáde. Ẹ̀yin èèyàn mi, n ò mọ̀. Ọkùnrin gíga kan tó jẹ́ nọ́ọ̀sì ló kọ́kọ́ jáde, ìyá rẹ̀ ni. Obìnrin kan tẹ̀ lé e, ó ní ẹ̀gbọ́n òun ni. Òmíràn ní bàbá òun, òmíràn ní ọmọ tí òun fi sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìyá òun. Wọ́n ń bọ́ síwájú lọ́kọ̀ọ̀kan, wọn kò wojú ara wọn. Àwọn wọ̀nyí ló ń kọrin lábẹ́ odò, tí wọ́n ń fi mí ṣẹ̀fẹ̀ ní gbogbo Sátidé. Nígbẹ̀yìn, Auntie Bọ́lá fúnra rẹ̀ bọ́ sáàárín wọn, ó ní bàbá òun ni, ó ti pẹ́.

Wọ́n tò wọlé. Wọ́n fún ara wọn mọ́ra lórí igi náà títí kò fi sí àyè mọ́. Fúnmiláyọ̀ padà wá sí ẹnu géètì.

“Dádì ńkọ́? Kò sí space fún Dádì.”

“Èmi ti sin ín, ọmọ mi,” mo ní. “Ìwọ máa lọ.”

Jánẹ́ẹ̀tì pa géètì dé, èmi àti òun jókòó sórí koríko níta, àwọn tó kù jókòó yí wa ká. Ẹnì kan ṣí kúlà mọ́ín-mọ́ín tí a tún gbé wá. Mo fún Jánẹ́ẹ̀tì ní mọ́ín-mọ́ín, mo ní ó ti fún wa láṣẹ tán, kò sí àbẹ̀tẹ́lẹ̀ nínú rẹ̀ mọ́. Ó jẹ ẹ́, ó bi mí ohun tí wọ́n fi ṣe é, mo ní ẹ̀wà ni, kò gbà gbọ́.

Ohùn ọkùnrin la kọ́kọ́ gbọ́. Lẹ́yìn rẹ̀, ti Auntie Bọ́lá, ó ń pe bàbá rẹ̀. Kò pẹ́, ẹkún gba gbogbo inú igbó náà. Jánẹ́ẹ̀tì dìde, ojú rẹ̀ ti yí padà, ó ní ṣé kò sí ẹni tó farapa. Mo fọwọ́ kan apá rẹ̀, mo ní kó jókòó, iṣẹ́ tí wọ́n wá ṣe ni wọ́n ń ṣe. Ó jókòó. Èmi ò gbọ́ ohun tó ń sọ mọ́ lẹ́yìn ìyẹn, nítorí mò ń wá ohùn kan láàárín àwọn ohùn náà, n ò sì rí i. Mo mọ ẹkún ọmọ mi láti ìgbà tí wọ́n ti gbé e lé mi lọ́wọ́. Kò sí níbẹ̀. Mo mú fìlà mi, mo tẹ̀ ẹ́ mọ́ àyà, mo sọ fún Ọlọ́run pé kó má jẹ́ kí n lọ sílé báyìí.

Ẹkún àwọn tó kù ti ń rọlẹ̀ nígbà tí mo gbọ́ ọ.

“Màámi!”

Lẹ́yìn náà ó dákẹ́, ó tún pè é. Ó ní, “Màámi, mo ti dé. Ẹ má bínú, mi ò tètè dé. Ẹ má bínú.” Ó wá bú sẹ́kún, irú èyí tí ọmọdé máa ń sun tí kì í jẹ́ kó lè mí. Mo sunkún, kí n má purọ́ fún yín. Jánẹ́ẹ̀tì wo aago ọwọ́ rẹ̀, ó fa ọwọ́ ẹ̀wù rẹ̀ bò ó, kò sì wò ó mọ́ títí wọ́n fi jáde.

Wọ́n jáde bí wọ́n ṣe wọlé, lọ́kọ̀ọ̀kan. Ojú Fúnmiláyọ̀ ti wú, imú rẹ̀ pọ́n. Ó rìn tààrà wá bá mi, ó kúnlẹ̀ sórí títì níwájú òyìnbó tó ń kọjá pẹ̀lú ajá rẹ̀.

Ẹ̀yin ará ilé, láti ọjọ́ tí aya mi ti kú, kò sẹ́ni tí kò kí mi kú ọ̀fọ̀ nínú yín. Àwọn tí mo ti lé kúrò nínú igbó ọba pàápàá wá kí mi. Ọmọ mi nìkan ni kò kí mi. Ó ń fowó ránṣẹ́, ó ń pè mí lójoojúmọ́, ó pàdé mi ní pápá ọkọ̀ òfurufú, ó dì mọ́ mi, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yẹn kò jáde lẹ́nu rẹ̀ rí, èmi náà ò sì lè bèèrè rẹ̀.

“Dádì mi,” ó ní, “ẹ kú ará fẹ́ra kù.”

Mo gbé e dìde. Mo ní, “O ṣeun, ọmọ mi. Ìwọ náà kú ará fẹ́ra kù.”